Bí ẹ ṣe lè yan kọ̀ǹpútà atẹ́lẹwọ́ tí yóò bá yín ṣiṣẹ́ níta

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ ìta ní Ìbàdàn ni kì í lò ó ju oṣù díẹ̀ lọ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ohun tí ọmọ fi ń wo àwòrán nílé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ inú oòrùn ni wọ́n fẹ́ lò ó sí. WiFi ìsọ̀ ni wọ́n fi dán an wò, bẹ́ẹ̀ síìmù tiwọn ni yóò máa gbé e lójú pópó. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ ohun tí òun rà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé kiri: alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní Òjé, ẹni tó ń gba dátà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Akínyẹlé, aṣojú iléeṣẹ́ adójútòfò, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò nílé, oníròyìn. Ohun tí mo ń pè ní kọ̀ǹpútà atẹ́lẹwọ́ ni ẹ̀rọ èyíkéyìí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan dì mú lórí ìdúró, kí ó sì máa fi ọwọ́ kejì kọ nǹkan sí i: tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré tí ojú rẹ̀ tó ínǹṣì 7 tàbí 8, fóònù ńlá, tàbí ẹ̀rọ alágídí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ oko àti ilé ìkẹ́rùsí. Lójú tèmi, ojú ẹ̀rọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti bátìrì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí; orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é àti iye kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ohun tí ẹ ó kó dání

Ẹ má lọ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ òfo. Yàtọ̀ sí owó, ẹ mú àwọn nǹkan wọ̀nyí dání:

- síìmù tí ẹ ó lò níbi iṣẹ́, tí dátà wà lórí rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣí ojú ihò síìmù;
- páwà báǹkì yín àti wáyà rẹ̀;
- fọ́ọ̀mù tàbí fáìlì tí ẹ ń lò gan-an níbi iṣẹ́, tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín;
- fídíò ńlá kan, ó kéré tán 2GB, lórí fláàṣì tó ní ẹnu USB-C;
- ìwé kékeré àti bírò.

Àkókò tí ẹ ó lọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ lọ láàárín agogo mọ́kànlá àárọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ẹni tó bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ní ọjọ́ tí òjò ṣú, kò ní lè ṣe ìpele kẹta, ìpele náà ló sì ń dá ẹ̀rọ tó pọ̀ jù padà.

1. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye owó

Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ kọ «iṣẹ́ ọ́fíìsì» síbẹ̀ kò tó. Alájọ lè kọ pé: mo ń wá orúkọ oníbàárà, mo ń tẹ iye tó dá, mo ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, mo ń ṣe àròpọ̀ lálẹ́. Ẹni tó ń gba dátà lè kọ pé: mo ń kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tó tó ogójì, mo ń ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́, mo ń gba ibi tí oko wà sílẹ̀ lórí GPS. Fóònù tó dára lè gbé iṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Ti èkejì kò ṣeé ṣe rárá lórí ẹ̀rọ tí kò ní GPS, ẹ ó sì rí i níwájú pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́jà.

Ẹ ṣọ́ra níbi méjì. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ń kọ ìjábọ̀ tó ju ojú ìwé kan lọ lójoojúmọ́, ẹ fi owó kíbọọ̀dù Bluetooth kún ìṣirò yín, nítorí pé ìka méjì lórí gíláàsì kò lè gbé irú iṣẹ́ yẹn fún ìgbà pípẹ́. Èkejì, bí iléeṣẹ́ yín bá ń lo áàpù tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní tábúlẹ́ẹ̀tì Windows tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sí) jẹ́ 2GB tí ààyè ìpamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 32GB. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè ó kéré tán 4GB RAM àti 64GB ààyè ìpamọ́. Ẹ̀rọ kékeré àtijọ́ yẹn kò ní ibi tí yóò gbà lọ síwájú.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín ní ìwé náà kà. Bí ó bá lè sọ fún yín ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe, láì bi yín ní ìbéèrè, ìpele yìí ti parí.

2. Ẹ gbé e dání lórí ìdúró

Tábúlẹ́ẹ̀tì ínǹṣì 8 sábà máa ń wúwo tó gíráàmù 300 sí 350 kí a tó fi àpò rẹ̀ kún un, ti ínǹṣì 10 sì máa ń sún mọ́ 500. Ẹ fi ọwọ́ tí ẹ kì í fi kọ̀wé dì í mú, ẹ dúró, kí ẹ sì máa tẹ nǹkan sí i fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún. Bí ọrùn ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín, tàbí tí ẹ ń wá ibi tí ẹ ó gbé e lé, ó tóbi jù, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

3. Ẹ gbé e bọ́ sínú oòrùn

Ìpele yìí ni àwọn tó ń rà sábà máa ń fò, nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti béèrè. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ní agbègbè Queen Cinema ní Dùgbẹ̀, tàbí ní ìsọ̀ èyíkéyìí tí ẹ bá wọ̀, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde síta díẹ̀ kí n wo ojú rẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ lè ní kí ọmọ yín kan dúró tì mí.» Olówò tó mọ ohun tó ń tà yóò ní, «Kò burú, ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ fún mi.» Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀, tó ń sọ pé kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Nits ni wọ́n fi ń wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wà ní ìwọ̀n 300 sí 400, èyí tó tó nínú ilé. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ibòji igi tàbí àgbàlá ọjà, ẹ wá 500 sókè. Ẹni tó bá ń dúró nínú oòrùn gangan nílò 800 sí 1,000, inú àwọn ẹ̀rọ alágídí àti fóònù olówó ńlá ni ẹ sì ti máa ń rí ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń kọ nọ́ńbà yìí sára páálí, nítorí náà ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ pa ìmọ́lẹ̀ aládàáṣe, kí ẹ sì gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sókè pátápátá. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yín láti inú ímeèlì, ẹ má ṣí fọ́tò tí olówò fi ń polówó, nítorí pé àwọ̀ tó ń dán máa ń tan ojú jẹ, àmọ́ lẹ́tà dúdú wẹ́wẹ́ lórí funfun kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ dúró sínú oòrùn, kí ó wà lẹ́yìn yín, lẹ́yìn náà kí ẹ yí padà kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá ń wọ jígí òòrùn, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì yí ẹ̀rọ náà sí òòró àti sí ìbú, torí pé jígí òòrùn mìíràn máa ń sọ ojú ẹ̀rọ di dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ má tètè padà wọlé. Bí ara ẹ̀rọ bá gbóná, yóò dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Èyí tó mọ́ rekete ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lè ti ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ní àkókò tí ẹ fi ń dúró, ẹ ṣí áàpù tí a fi ń ya àwòrán, ẹ fi ìka fa ìlà láti etí kan dé etí kejì, lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ìlà bá ti já ni ibi tí ìfọwọ́kàn ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi omi díẹ̀ tọ́ ìka kan kí ẹ tún tẹ nǹkan, nítorí pé ìka tó ń làágùn ni ẹ ó máa lò lọ́jà Bódìjà ní ọ̀sán.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn, ẹ gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà tó kéré jù lọ nínú fọ́ọ̀mù yín láì fi ọwọ́ ṣíji bò ó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà, bí owó rẹ̀ ti wù kó kéré.

4. Ẹ fi síìmù tiyín sí i, kí ẹ sì wá GPS rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tilẹ̀ ní ihò síìmù. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ WiFi nìkan kún ọjà, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra. Olówò yóò sọ pé ẹ lè fi fóònù yín ṣe hotspot fún un, òótọ́ sì ni, àmọ́ bátìrì méjì ni yóò máa jó lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti fóònù bá sì ti kú, iṣẹ́ dúró.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń ta iPad kì í sọ: iPad tó jẹ́ WiFi nìkan kò ní GPS nínú. Ó ń fi WiFi tó bá yí i ká mọ ibi tó wà. Ní Mọ́kọ́lá yóò dà bí ẹni pé ó mọ̀nà, nítorí pé WiFi pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá dé oko tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Èyí tó ní síìmù nìkan ló ní GPS.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ béèrè ìbéèrè méjì. Ṣé wọn kò tì í mọ́ iléeṣẹ́ fóònù kan níbẹ̀? Àwọn ìgbì 4G wo, tí wọ́n ń pè ní Band, ló ń gbé? Band 3, 7, 20 àti 28 wà lára àwọn tí a ń lò ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò sì ní Band 20. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì geere ní Dùgbẹ̀, kí ó wá máa fà bí ìgbín tí ẹ bá kọjá Òjóò. Ẹ ka nọ́ńbà irú ẹ̀rọ náà nínú Settings, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi àwọn Band tí wọ́n kọ síbẹ̀ wé ti iléeṣẹ́ síìmù yín.

Nígbà tí ẹ bá ti fi síìmù yín sí i, ẹ pa WiFi. Ẹ wò ó bóyá àmì 4G yọ lókè, ẹ ṣí ojú ewé kan tí ẹ kò tíì ṣí rí, kí ẹ sì fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹ jáde síbi tí òrùlé kò bo ojú ọ̀run, ẹ ṣí Google Maps pẹ̀lú WiFi ní pípa, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí GPS bá ń wá ara rẹ̀ lè pẹ́. Àmì aláwọ̀ búlúù yóò wá síbi tí ẹ dúró sí, òbìrí tó yí i ká yóò sì kéré. Bí òbìrí náà bá ṣì bo gbogbo àdúgbò, GPS kò tíì rí yín.

Èyí tó kù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, nítorí pé ọjọ́ yẹn yóò dé. Àwọn áàpù bíi ODK Collect àti KoboCollect máa ń tọ́jú fọ́ọ̀mù sínú ẹ̀rọ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi padà, àmọ́ áàpù iléeṣẹ́ mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tan airplane mode, ẹ kọ fọ́ọ̀mù kan, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá kí ẹ tún tàn án. Bí fọ́ọ̀mù náà bá ṣì wà níbẹ̀, tó sì lọ nígbà tí ẹ dá dátà padà, ẹ lè tẹ̀síwájú.

5. Ẹ wọn bátìrì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó kún

Nọ́ńbà mAh tó wà lára páálí, ìyẹn bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó, kò sọ bí ọjọ́ yín yóò ṣe rí. Ẹ kọ ìwọ̀n bátìrì sínú ìwé kékeré yín, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sókè pátápátá, ẹ tan dátà síìmù, kí ẹ sì jẹ́ kí fídíò máa lọ fún ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá fi 10% wálẹ̀, bíi wákàtí márùn-ún ni yóò gbé ní irú ìlò bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fi 20% wálẹ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ ni, kò sì ní tó yín dé ọ̀sán. Ní àárín ìṣẹ́jú 30 yìí, ẹ béèrè nípa ojú ẹ̀rọ àti ọjọ́ ìdápadà tó wà ní ìpele kẹsàn-án, kí olówò má baà rò pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò.

Lórí páwà báǹkì, ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò olówò. Bátìrì inú rẹ̀ jẹ́ volt 3.7, volt 5 ló ń tú jáde, díẹ̀ sì ń bá ooru lọ, nítorí náà ẹ ka èyí tó dára sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún: 20,000 mAh yóò fún yín ní bíi 12,000. Ìyẹn tó láti kún ẹ̀rọ 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì àti díẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Bí wáyà bá ń mì níbi ẹnu ṣájà, tí iná ń wọlé tó tún ń jáde bí ẹ bá mi ín, ẹnu ibẹ̀ ti jẹ, yóò sì da yín láàmú láìpẹ́.

Fún àlòkù, ẹ da ojú rẹ̀ dé sórí gíláàsì tábìlì olówò. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú, bátìrì náà ti ń wú nínú. Ẹ má ra á, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà lójú yín, nítorí pé ó lè gbiná. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ má fi í sílẹ̀ lókè dáṣíbọọ̀dù Micra nínú oòrùn nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun. Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìwọ̀n ooru 0 sí 35 ti Celsius ni iPad ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú ọkọ̀ tí a tì lọ́sàn-án sì máa ń kọjá ìyẹn kíákíá.

6. RAM àti ààyè ìpamọ́

4GB RAM àti 64GB ààyè ìpamọ́ ni mo lè pè ní ìbẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ fọ́ọ̀mù, fọ́tò àti máàpù lórí Android. Ẹ má jẹ́ kí «RAM àfikún» tàn yín. Ààyè ìpamọ́ ni wọ́n bù síbẹ̀, kò yára bíi RAM gidi. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí Android security update nínú Settings: bí ó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹ má fi áàpù báǹkì tàbí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn sórí rẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 12GB àti 512GB sí lára, tí owó rẹ̀ sì kéré ju ti èyí tó ní 4GB lọ, ayédèrú ni. Settings rẹ̀ pàápàá lè máa purọ́. Ẹ da fídíò 2GB yín láti orí fláàṣì sínú rẹ̀, ẹ tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀ títí tí ẹ ó fi kọjá ìwọ̀n tí ẹ fura sí pé ó jẹ́ ti gidi, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ẹ̀dà àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti ṣí, tàbí tí ó dúró lágbede méjì, irọ́ ni nọ́ńbà náà.

7. Ẹ fi èdè Yorùbá kọ orúkọ ènìyàn sí i

Ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà kò gbọ́dọ̀ fo èyí. Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Ẹ fi sí i, kí ẹ kọ Ọláníyì, Ṣẹ́gun, Àyọ̀ká àti Ẹ̀bùn, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn, kí ẹ wo bóyá àmì ohùn wà lórí lẹ́tà tàbí ó ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí àpótí òfìfo wà níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà. Bí ẹ bá ń kó orúkọ jáde nínú fáìlì CSV, ìyẹn àtẹ tí kọ́mà pín, ẹ má fi Excel ṣí i tààrà, torí pé àwọn lẹ́tà alámì sábà máa ń dàrú. Ẹ gba inú Data wọlé, ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ sì yan UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn lẹ́tà alámì.

Àyẹ̀wò: orúkọ tí ẹ kọ lórí ẹ̀rọ àti èyí tó yọ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, títí dé àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

8. Omi àti eruku

Bí wọ́n bá kọ IP67 sí i, 6 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, 7 sì túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ó wúlò fún òjò àìròtẹ́lẹ̀ àti eruku ọyẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ bá ti ṣí rí kò ní ìdánilójú yẹn mọ́, torí náà fún àlòkù, ẹ ra àpò tó ní okùn ọwọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rá kan sínú báàgì.

9. Ẹ rí i dájú pé kò sí ẹlòmíràn tó ni ín, kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí olówò pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ lójú yín. Ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìdènà ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti máa ń yọ jáde. Olówò tó ní kí ẹ fo WiFi náà ni kí ẹ ṣọ́ gidigidi. Bí ó bá béèrè ímeèlì ẹlòmíràn, tàbí tó kọ ọ́ pé iléeṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso ẹ̀rọ náà, ẹ má sanwó. Ìlérí pé «oníṣẹ́ wa yóò yọ ọ́» kò tó, nítorí pé ìdènà iléeṣẹ́ lè padà lọ́jọ́ tí ẹ bá tún pa ohun orí rẹ̀ rẹ́.

Lórí èyí tó ń lo síìmù, ẹ wo IMEI rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tó ní dígíìtì 15, nínú Settings, tàbí kí ẹ tẹ \*#06# bí ó bá ní ojú ìpè. Ó gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn, kì í ṣe ti olówò, bóyá ojú irú ẹ̀rọ yìí wà lọ́jà àti iye tí wọ́n ń tà á, torí pé ojú ló máa ń kọ́kọ́ fọ́.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ, IMEI, ọjọ́ àti iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí. Bí ẹ bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google tiyín, ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í, kí ẹ sì lọ sí android.com/find lórí fóònù mìíràn, níbẹ̀ ni kí ẹ ní kí ó dún. Ẹ má kúrò níwájú ìsọ̀ títí tí yóò fi dún.